Ọpẹ́ Àná ní Ìlú Àwòtúnwò

Ẹ fa àga yín mọ́ ògiri, nítorí òrùlé mi ń jò láti ìhà ọ̀nà, òjò yìí kò sì tíì ṣe tán. Ẹni tí òjò bá ká mọ́ ilé ọdẹ, ìtàn ni yóò kọ́kọ́ jẹ kí ó tó jẹ àgbàdo. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn fún àwọn tí ó yà sí ilé mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, bí mo sì ti sọ ọ́ fún wọn náà ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni ó bí i. Ọmọ mi Tinúọlá, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ìwé tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, máa ń san owó lóṣooṣù kí fíìmù lè máa wọ inú fóònù rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, iṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni fíìmù pé owó tún ti gòkè, àti pé bí kò bá sọ pé òun kò ṣe mọ́, àwọn yóò yọ ọ́ fúnra wọn bí ilẹ̀ bá mọ́. Ó gbé fóònù náà sórí itan, ó ń wò ó bí ẹni tí ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

"Wọ́n tún ti gbé e sókè," ni ó wí.

Lájídé onígbàjámọ̀, tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa, ni ó kọ́kọ́ dáhùn. "San án ni. Eré tí à ń wò yẹn kò tíì parí. Ọkọ ìyàwó yẹn kò tíì mọ̀ pé ìbejì ni àwọn méjèèjì."

"Ta ni 'à ń wò'? Ìwọ tí o kò san kọ́bọ̀ rí? Orí àga mi lo fi ń wò ó, ẹ̀pà mi lo sì ń jẹ sí i."

"Ẹ̀pà náà dùn ju eré lọ, n kò ní purọ́."

Tinúọlá yíjú sí mi. "Bàbá, kí ni ẹ rí sí i? Ṣé kí n jẹ́ kí ó máa lọ, àbí kí n dá a dúró?"

Mo ń jẹ àgbàdo sísè tí ó gbé fún mi. N kò dá a lóhùn tààrà, nítorí ẹni tí ó bá bi ọdẹ ní ọ̀nà, inú igbó ni ọdẹ yóò kọ́kọ́ mú un gbà. Mo ní, "Jókòó. Èmi náà ti ra irú ìran bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe náírà ni mo fi rà á."

Nígbà tí agbára ṣì wà lára mi, ẹ má jẹ́ kí ewú yìí tàn yín jẹ, èmi Ọdẹ́yẹmí ni ọdẹ tí ẹfọ̀n máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lókèèrè, tí yóò sì lọ wá ibi tí ó tutù tí yóò kú sí fúnra rẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn tí ó bá pàdé mi lójú ọ̀nà a máa yà fún mi bí ọmọ ilé ìwé ti ń yà fún ọ̀gá.

Lájídé ní, "Bàbá ọdẹ, nígbà tí ẹ sọ ọ́ fún wa lọ́dún tó kọjá, ìkookò ni ó kú fúnra rẹ̀."

Mo ní, "Ìkookò náà gbọ́ ohun tí ó ṣe ẹfọ̀n ni."

Ṣùgbọ́n ìyá Tinúọlá kú. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Àìsàn tí kò pariwo ni ó mú un lọ, ní àkókò tí iṣu tuntun ń bọ̀ lọ́jà, a kò sì ní àwòrán rẹ̀ kankan. A ti ń sọ ọ́ pé bí ó bá di Kérésìmesì, a ó lọ yà á. Àlùfáà bu erùpẹ̀ sí i, àwọn ènìyàn kọrin, wọ́n sì lọ sílé wọn. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì nínú mi, bí ìwé tí omi dà sí. Ẹ̀rù èyí bà mí ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Mo fi Tinúọlá sí ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lè gbé korobá omi, mo pe ajá mi, mo sì wọ Igbó Àìwẹ̀yìn, èyí tí bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe wọ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọdẹ kì í sọ ajá rẹ̀ ní orúkọ lásán. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè wí lójú ènìyàn ni a fi ń sọ ajá. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ orúkọ tí ajá mi yẹn ń jẹ́ fún yín. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nínú igbó náà, ewé kì í mì, ṣùgbọ́n òjìji ewé ń mì. Mo ń gbọ́ igbe ẹyẹ lókè orí mi, bí mo bá sì gbójú sókè, gbogbo wọn pa ẹnu dé, wọ́n ń wò mí. Níbi tí ọ̀nà ti há ni mo ti pàdé Aláyà-Òkúta, ẹ̀dá kan tí ó ga tó igi àgbọn, tí ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá. A wọ ìjàkadì. Igi wó, ilẹ̀ lanu, àwọn ọ̀bọ kó ọmọ wọn sá. Nígbà tí ó pẹ́, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, mo gbé e sókè, mo sì rọra fi í lélẹ̀ bí a ti ń fi ìkòkò omi lélẹ̀. Ìgbà náà ni ó bú sẹ́kún. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti dá òun, ẹnikẹ́ni kò gbé òun rí. Mo jókòó tì í títí ó fi dákẹ́, ó sì nàka sí ọ̀nà kan fún mi. Ó ní, "Ohun tí ò ń wá wà níbẹ̀. Kò wọ́n, bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Ní ẹnu ibodè ìlú náà, oníbodè kan dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo kí i, kò yíjú. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni ó fi dá mi lóhùn, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà.

Ó ní, "Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó jókòó láìgba àga, ó ń bá ọ jẹun, àwo rẹ kò sì dín. Kí ni?"

N kò ronú rẹ̀ lọ títí. Mo ti ń bá a jẹun láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo ní, "Àyè ẹni tí ó kú ni."

"Wọlé. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n nìkan ni à ń gbà, àwọn yòókù kò ní ohun tí wọn yóò rà. Ṣùgbọ́n fi ajá sílẹ̀ síta. Ajá ní ojú. Bí ó bá wọlé, yóò wo ìran. Bí ó bá wo ìran, yóò san tirẹ̀. Kí ni ajá ní?"

Mo wo ajá mi, ó wò mí, ó sì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibodè.

Àwòtúnwò ni orúkọ ìlú náà. Kò sí iná ìdáná níbẹ̀, kò sí adìẹ, kò sí ọmọ tí ń ké. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà, ó funfun bí ẹfun, n kò rí òpin rẹ̀ lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Àwọn ènìyàn jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, wọ́n gbójú sókè. Mo kí wọn pé wọ́n kú ìjókòó, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Aláǹtakùn ti ta okùn láti etí ẹlòmíràn dé èjìká rẹ̀. Koríko ti hù láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ó sì ti so.

Obìnrin kúkurú kan jáde tọ̀ mí wá. Agbàdíẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Gèlè rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tí ń rẹ ọmọ sùn, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ìlà kankan nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá ọdẹ," ni ó wí. "Ẹ kú ìrìn. Ẹ jókòó. Ti òní, ọ̀fẹ́ ni."

Mo jókòó. Ògiri náà dúdú díẹ̀, ó tún mọ́lẹ̀, mo sì rí Àwẹ̀ró. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa, ó há òòyà sí ẹnu, ó ń di irun Tinúọlá. Mo rí àpá tí ó wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, tí mo ti gbàgbé. Ó gbójú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹkún tí n kò sun létí sàréè, ibẹ̀ ni mo ti sun ún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni tí a bá kọ́ nílé yóò ṣe. Mo wá Agbàdíẹ̀díẹ̀ lọ, mo tẹrí ba fún un, mo ní, "Ẹ ṣeun o, ti àná. Olúwa yóò san án fún yín."

Ó ní, "Ó tọ́ sí yín," ó sì fi ìka kan kàn mí ní ètè, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tí ń nu eruku nù.

Ìgbà tí mo jẹ nínú ẹran gbígbẹ inú àpò mi ni mo tó mọ ohun tí ó mú. Iyọ̀ ti kúrò ní ẹnu mi. Mo jẹ ẹran náà bí ẹni ń jẹ èèpo igi. Mo ní kí ni iyọ̀? Ta ni yóò fi iyọ̀ wé Àwẹ̀ró? Mo padà sí orí ẹní.

Ní òwúrọ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo tún dúpẹ́ àná. Etí ni ó fi ìka kàn. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹyẹ di ohùn kan létí mi. Àparò, àdàbà, àgbìgbò, n kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́, ẹ sì mọ ohun tí èyí jẹ́ fún ọdẹ. Mo ní kò burú, ojú ṣì wà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lẹ́yìn èyí ni oníkòkò bẹ̀rẹ̀. Bí Àwẹ̀ró bá ti fẹ́ la ẹnu báyìí, iwin kan yóò fò jáde lára ògiri, yóò gbé ìkòkò sórí, yóò máa jó. "Ẹ wá ra ìkòkò tí kì í fọ́! Iwin tó bá rà á, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni yóò máa fi í se oúnjẹ!" Kí ó tó jó tán, ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró ti kọjá.

Lájídé ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ kò béèrè iye tí ìkòkò náà jẹ́?"

"Lájídé, pa ẹnu mọ́," ni Tinúọlá wí. Kò wo fóònù mọ́.

Mo lọ bá Agbàdíẹ̀díẹ̀, mo ní ìwà wo nìyí? Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Oníkòkò wà fún àwọn tí ń san díẹ̀, bàbá ọdẹ. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ fi nǹkan kékeré kún un." Mo ní kí ó mú un. Ó fi ìka kàn mí níwájú orí, oníkòkò sì lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo gbọ́ tí ajá mi hu ní ẹnu ibodè, mo la ẹnu láti pè é kí ó fara balẹ̀, n kò sì rí orúkọ tí n ó pè. Mo wá a nínú orí mi bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Títí di òní, n kò rí i.

Ọkùnrin kan jókòó sí ẹní tí ó kángun sí tèmi, àgbà ọkùnrin, tí koríko ti hù dé orúnkún rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sọ̀rọ̀ rí. Ní ọjọ́ yìí ó fi ọwọ́ tọ́ mi.

Ó ní, "Ọdẹ, jọ̀wọ́, bá mi wò ó. Ọmọ yẹn ń pè mí."

Mo wo ibi tí ó nàka sí. Ọmọbìnrin kékeré kan dúró lára ògiri, ó wọ aṣọ ilé ìwé, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń pè pé, "Bàbá. Bàbá."

Ọkùnrin náà ní, "Ọmọ ta ni?"

Kò sí ẹkún ní ohùn rẹ̀. Ó béèrè bí ẹni tí ń béèrè ọ̀nà ọjà. Ohun gbogbo tí ó fi mọ̀ ọ́n ni ó ti fi san owó kí ó lè máa rí i.

Mo rántí Tinúọlá lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀. Mo dìde, mo bá Agbàdíẹ̀díẹ̀, mo ní, "N kò bá yín ná ohunkóhun nínú gbogbo èyí. Ta ni ó ní kí ẹ máa mú un?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé ẹ kò dúpẹ́ ni? Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa ń wí nílé yín pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà? Ní ìlú yìí, òwe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tí ó bá dúpẹ́ àná ti béèrè òní. Ojoojúmọ́ ni ẹ wá dúpẹ́, bàbá ọdẹ. Mo fẹ́ràn àwọn tí a kọ́ dáadáa. Àwọn ni wọ́n máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa." Ó gbọn eruku tí kò sí nù ní ọwọ́. "Lọ́la, yóò gòkè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni n ó gbà, èyí tí ìyàwó yín máa ń sọ sí yín bí ẹ bá ti ìgbẹ́ dé."

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Àwẹ̀ró máa ń sọ. Bí mo bá ti oko ọdẹ dé, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ẹran tí ó kù díẹ̀ kí n pa, yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, yóò sì gba ìbọn lọ́wọ́ mi. N kò ní sọ ọ̀rọ̀ náà fún yín. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, èmi àti òun nìkan ni a ni ín.

Mo padà sí iwájú ògiri. Àwẹ̀ró ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní kí n dán an wò. Mo ní, "Àwẹ̀ró, mo pa ẹfọ̀n mẹ́wàá lónìí, mo sì so ẹkùn mọ́lẹ̀."

Ó ní, "Akíkanjú ni ọ́, ọkọ mi."

Àwẹ̀ró tí mo fẹ́ kò lè gbọ́ irú irọ́ yẹn kí ó má rẹ́rìn-ín títí yóò fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Mo wò ó dáadáa. Ojú rẹ̀ ni, àpá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ni, òòyà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun sí mi rí tí n kò fẹ́ gbọ́. Mo gbé ohun tí wọ́n ń fún mi sí ọwọ́ kan, mo gbé ohun tí wọ́n fẹ́ gbà sí ọwọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ kan ṣoṣo yẹn wúwo ju ògiri náà lọ, nítorí inú rẹ̀ ni obìnrin náà fúnra rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin ará, mo ti bá òkúta jà, mo ti wo ẹkùn lójú. Kò sí èyí tí ó le tó òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo mú orógbó kan nínú àpò mi, mo fi í sí ẹnu kí ọpẹ́ má bàa bọ́ jáde, mo ti eyín mọ́ ọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ sí ibodè. Agbàdíẹ̀díẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mímọ́ rẹ̀ jọ, ó ń retí.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá ọdẹ. Ṣé ẹ gbádùn ti àná?"

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ dìde ní ọ̀fun mi fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi tí ó ní, "Kí ni wọ́n ń wí?" Mo rí pàṣán Tíṣà Fílípì, ẹni tí ó kọ́ wa ní ilé ìwé ìjọ pé aláìmoore kò ní rí ìjọba ọ̀run. Mo ti eyín mọ́ orógbó. Ìgbà náà ni gbogbo àwọn tí ó wà lórí ẹní yí orí padà lẹ́ẹ̀kan náà, okùn aláǹtakùn sì já létí wọn. Wọ́n ń wí bí ìjọ tí ń dá àlùfáà lóhùn pé, "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ." Láti ara ògiri ni Àwẹ̀ró ti pè mí, ohùn rẹ̀ dùn, "Ọkọ mi, ṣé o kò ní kí wọn ni?"

N kò kí wọn. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, omi ń dà lójú mi, mo sì gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Ìwọ. Ìwọ aláìmoore yìí." Láti ìgbà tí mo ti dé, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ògiri náà ti funfun láti òkè dé ilẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi nìkan ni ó ṣì nàka sí i, tí ó ń bi ẹni tí kò sí níbẹ̀ ní ọmọ ta ni.

Ajá mi wà ní ẹnu ibodè, egungun ìhà rẹ̀ ti yọ. N kò ní orúkọ tí n ó fi pè é, mo kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ó wá, ó gbé àgbọ̀n lé mi ní orúnkún. Títí ó fi kú, n kò sọ ọ́ ní òmíràn.

Nígbà tí mo dákẹ́, òjò náà ti dá. Omi ń kán láti orí òrùlé sínú korobá tí a gbé sábẹ́ rẹ̀.

Lájídé ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Nítorí náà, kí ó má san án?"

Mo ní, "N kò wí bẹ́ẹ̀. Fíìmù kì í ṣe iwin. Ẹni tí ó bá dùn mọ́, tí ó sì lágbára rẹ̀, kí ó rà á. Ohun tí mo wí ni pé bí iye bá ti gòkè, kí ènìyàn tún gbé e wọ̀n, kí ó má jẹ́ pé ilẹ̀ kàn ń mọ́ bá a lórí ẹní."

"Bí èmi bá dá ìdajì ńkọ́?"

Tinúọlá ní, "Kọ́kọ́ san ti ẹ̀pà." Ó gbé fóònù, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, nítorí wọ́n ń bi í léraléra bóyá ó dá a lójú. Ó ní, "Mo ti dá a dúró. Bí ọkọ ìyàwó bá mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n, ẹ ó wá sọ fún mi." Ó da ojú fóònù bolẹ̀ lórí tábìlì.

Ó wá mú àwo àgbàdo mi. Ó fi ìka kan omi rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì dúró.

"Bàbá, n kò rántí fi iyọ̀ sí èyí. Ẹ sì ti jẹ ẹ́ tán."

Mo ní, "Mo ti sọ ìdí rẹ̀ fún ọ."

Ó wò mí pẹ́. Ohun kan ń ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, bí ẹ̀rín tí ń wá ọ̀nà. Ó fa apẹ̀rẹ̀ yọ lábẹ́ àga, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní:

"A-fẹnu-pẹfọ̀n, òjò ti dá. Dìde, ká lọ he ìgbín."

Lájídé rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́ gan-an, àti bí ó ti máa ń gbé àgbọ̀n sókè bí ó bá dé orí ìgbín. N kò mọ̀ pé ọmọ tí ń gbé korobá omi kọjá ń gbọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti rò pé èmi nìkan ni mo gbé e jáde ní ìlú yẹn.

Mo mú apẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀lé e lọ sí ẹ̀yìn ọgbà kòkó, ìgbín sì pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ó tó jáde lọ sí ilé ìwé, mo dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà, mo sì dúpẹ́ àná lọ́wọ́ rẹ̀.